Oúnjẹ Tí Mo Ń Ṣẹ́ Kù

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dákú ní Ọ̀yọ́, wọ́n lu agogo fún mi. Wọ́n kọrin, wọ́n pàtẹ́wọ́, obìnrin kan tí kò kí mi rí sì bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi bo ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí mo lajú, akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú ìwé àti bírò, ó ń retí ohun tí mo máa sọ.

"Sọ ọ́, ọmọbìnrin," ó ní. "Kí ni Olúwa fi hàn ọ́?"

Olúwa kò fi nǹkan kan hàn mí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ojú mi ṣú, etí mi ń dún bí ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀ lókèèrè, mi ò sì mọ ibi tí mo wà mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ ló yí mi ká nínú aṣọ funfun wọn, wọ́n ń wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Láti oṣù méje tí mo ti dé Ọ̀yọ́, kò sí ẹni tó wò mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní mo rí omi.

"Omi!" ni akọ̀wé kígbe, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo ìjọ ní, "Halelúyà!"

Bí irọ́ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó sì kù díẹ̀ kó gba ẹ̀mí mi.

Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ tí àwọn Faransé ṣe ìjọba lé lórí. Yorùbá là ń sọ nílé, Faransé nílé ìwé. Eré sísá ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù. Láàárọ̀, kí n tó lọ pọnmi, mo máa ń sáré yí ẹsẹ̀ àwọn òkè àpáta ìlú wa po, kò sì sí ọmọbìnrin kan ní gbogbo ilé ìwé agbègbè wa tó lè lé mi bá. Ṣùgbọ́n nǹkan ti bàjẹ́ nílé. Àwọn tíṣà wa ń ṣiṣẹ́ oṣù gbọọrọ láìgba owó, ilé ìwé ń ṣí lónìí, ó ń tì lọ́la.

Ìyá mi ní ọ̀rẹ́ kan ní Ọ̀yọ́, obìnrin tó máa ń wá ra ọjà ní Ṣábẹ̀ẹ́ nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Òun ló ránṣẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà kan wà ní ìlú òun tó máa ń gba ọmọ tó bá mọ eré sá. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe eré àṣàyàn. Ẹni tó bá wà lára àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n á fún un ní àyè àti ibùsùn, wọn ò sì ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Kí n tó di ẹrù mi tán, ìyá mi ti ròyìn yí àdúgbò po. Mi ò tíì kúrò nílé tí mo ti di tíṣà lẹ́nu wọn.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ló ṣe fún mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo lọ.

"Má jẹun tán nílé onílé," ó ní. "Bí wọ́n bá bu oúnjẹ fún ọ, pín in sí mẹ́ta. Jẹ méjì, ṣẹ́ ọ̀kan kù. Ọmọ tó bá nu àwo mọ́ nílé onílé, ilé tó ti wá ni wọ́n máa bú."

Mo ní mo gbọ́. Mo sì gbọ́ ọ lóòótọ́, àgbọ́jù ni mo gbọ́ ọ.

Obìnrin tí mo wá bá ń jẹ́ Màmá Dúpẹ́. Búrẹ́dì ló ń ṣe, nínú ààrò amọ̀ ńlá kan tó wà lẹ́yìn ilé, òun nìkan ló sì ń gbé ilé náà. Fọ́tò Dúpẹ́ wà lára ògiri pálọ̀, pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù àti irun ṣùkú. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, mo bi í pé, "Màmá, Ẹ̀gbọ́n Dúpẹ́ ńkọ́?"

"Kò sí nílé," ó ní, ó sì gbé agolo búrẹ́dì jáde.

Mo rò pé Èkó ló wà. Mi ò béèrè mọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí nínú jẹ́ ní Ọ̀yọ́ ni pé èdè wọn kò ṣàjèjì sí mi, èmi ni mo ṣàjèjì sí wọn. Bí mo bá ti lanu, àwọn oníbàárà Màmá á bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ọmọ Kùtọnu!" Ṣábẹ̀ẹ́ jìnnà sí Kùtọnu, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dé ibẹ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ máa ṣàlàyé fún? Mo dín ọ̀rọ̀ kù. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Ní Ọ̀yọ́, wọ́n ní ọmọ náà mà jẹ́jẹ́ o, ẹ wo bí wọ́n ṣe tọ́ ọ. Mi ò jẹ́jẹ́ rárá. Àjò ló pa mí lẹ́nu mọ́.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ là ń dáná sí ààrò. Èmi ló ń po fúláwà, èmi ló ń gé e sínú agolo, Màmá ló ń fi pátákó ọlọ́wọ́ gígùn tì í wọ inú ààrò. Bí búrẹ́dì àkọ́kọ́ bá ti jáde, àwọn alátẹ á ti dé láti wá kó tiwọn. Ìgbà náà ni mo máa ń wọ kánfáàsì mi, tí mo máa ń sáré gba ọ̀nà Awẹ́ lọ, kí n tó padà wá fọ agolo. Ní ìrọ̀lẹ́, mo tún máa ń lọ sí pápá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà, níbi tí Kóòṣì ti ń kọ́ àwa tí a fẹ́ dán eré àṣàyàn wò. Eré tèmi ni èyí tí a ń fi yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Kóòṣì rí mi, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbé e sétí, ó tún un wò. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi délé. Bóyá ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rẹ́rìn-ín ní Ọ̀yọ́ nìyẹn.

Ayé Sáàpù ni, ètò ọrọ̀-ajé tí ìjọba fi ní kí gbogbo ìlú fún ìgbànú mọ́ra. Ìjọba ti ní kí àlìkámà òkèèrè má wọlé mọ́, fúláwà wọ́n bí ojú. Màmá ń fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ lú u, àwọn alátẹ ń kùn. Nígbà tí mo bá rí i tó ń gbọn àpò òfìfo sórí pátákó kí lẹ́búlẹ́bú tó kù nínú rẹ̀ má bàa ṣòfò, ojú á tì mí pé mo tún ń jẹun nílé yìí. Onílé ń jẹ èso gbìngbìndò, àlejò ń bèèrè ẹ̀wà: mi ò fẹ́ jẹ́ àlejò yẹn. Ìdá kan tí ìyá mi ní kí n máa ṣẹ́ kù di ààbọ̀ àwo. Nígbà tó yá, ó ju ààbọ̀ lọ. Màmá á wá gbé àwo, á wo inú rẹ̀, á wo ojú mi, á sì gbé e lọ. Mo rò pé inú rẹ̀ ń dùn sí ẹ̀kọ́ ilé mi ni.

Ní oṣù karùn-ún, ojúgun òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ojú kan ṣoṣo ni, ìka kan lè bò ó mọ́lẹ̀. Bí mo bá ń sáré, á dùn mí. Bí ara mi bá gbóná, á fi mí sílẹ̀. Bí mo bá jókòó, á padà wá. Mo ń fi òrí gbígbóná ra á. Mo ń fi aṣọ dì í mọ́ra lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀. Kò pẹ́ tí kì í fi mí sílẹ̀ mọ́, ì báà jẹ́ orí ìjókòó, ì báà jẹ́ orí ìdúró.

"Kí ló ṣe ẹsẹ̀ ẹ?" Kóòṣì bi mí.

"Kò sí nǹkan, sà."

"Ò ń tiro."

"Bàtà ló ń há mi, sà."

Ó wò mí tìfura-tìfura. "Gbọ́ o, bó bá ń dùn ọ́, wá sọ fún mi. Jẹ́ ká sinmi báyìí, ó sàn ju ká wá jókòó lọ́jọ́ eré lọ. Egungun ò ṣe é bá jà."

Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìlú ló lè sinmi, èmi kò rò pé mo ní àyè fún ìsinmi. Bí mo bá sinmi, tí mo wá pàdánù eré àṣàyàn, inú mọ́tò ni mo máa bá ara mi, tí mò ń padà lọ bá àwọn tó ti ń pè mí ní tíṣà.

Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni Màmá. Àwọn dẹ́rẹ́bà, káfíńtà àti àwọn tó ń tajà ní Akẹ̀sán ló kún ṣọ́ọ̀ṣì náà, Wòlíì fúnra rẹ̀ sì ń ṣe ìlẹ̀kùn tà láàárín ọ̀sẹ̀. Mo máa ń jókòó sẹ́yìn. Sọ́ńdè tí mo dákú níbẹ̀, a ti wà lórí ìdúró láti ìgbà pípẹ́, tùràrí ń rú, mi ò sì tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti ọjọ́ tó ṣáájú. Bí mo ṣe ṣubú ni wọ́n ní ẹ̀mí ti gbé mi. Ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀ nínú wọn? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí ẹni tí ẹ̀mí ń gbé.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ayé mi yí padà. Dẹ́rẹ́bà kan tí kò mọ̀ mí rí dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà láti kí mi. "Arábìnrin aríran, ẹ kú àárọ̀ o!" Ó ń pè mí ní ẹ̀yin! Èmi ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún! Kò sí ẹni tó pè mí ní ọmọ Kùtọnu mọ́ nínú ìjọ. Mo mọ̀ pé irọ́ ni mo fi ra ìkíni náà, síbẹ̀ ó dùn mọ́ mi. Ẹni tí kò bá tíì wà ní ibi tí wọn kò ti mọ orúkọ rẹ̀ rí kò lè mọ bó ṣe ń dùn tó.

Wòlíì pè mí lẹ́yìn ìsìn àárín ọ̀sẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi bá mi sọ̀rọ̀. "Ẹ̀bùn ló ń bọ̀ lára ẹ, ọmọ mi. Gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún un, kó lè fìdí múlẹ̀."

Mo gbà á. Mo sáré lórí ààwẹ̀ náà, lórí ojúgun tó ń ta mí. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo tún ṣubú, wọ́n tún lu agogo, mo ní mo rí ẹyẹlé. Wọ́n tún ní kí n gbààwẹ̀.

Ẹni tí mi ò lè gbàgbé ni Arábìnrin Kọ́ńfọ́ọ̀tì. Ata ló ń tà, ó ti wà nílé ọkọ fún ọdún mọ́kànlá láìbímọ. Ó wá bá mi lẹ́yìn ààrò lọ́jọ́ kan pẹ̀lú omi nínú ìgò.

"Omi tí ẹ rí yẹn, tèmi ni," ó ní. "Mo mọ̀ pé tèmi ni. Ẹ bá mi gbàdúrà sí i." Ó sì kúnlẹ̀ fún mi nínú eérú.

Mo di ìgò náà mú. Ó yẹ kí n sọ òótọ́ fún un níbẹ̀. Mo gbàdúrà, ó ṣe àmín, ó dìde, ó sì ń gbọn eérú kúrò lára ìró rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Láti ọjọ́ náà ni oorun mi kò ti dáa mọ́.

Nígbà tó yá, mi ò dákú ní ṣọ́ọ̀ṣì nìkan mọ́. Mo dákú lẹ́bàá kànga. Mo dákú ní ọ̀nà Awẹ́, mo jí nínú koríko, mo rí ewúrẹ́ kan tó dúró tó ń wò mí. Mo gbọn ara mi, mo sáré padà sílé. Ẹ̀rù bà mí gan-an lọ́jọ́ náà, torí kò sí ẹni tó máa lu agogo fún mi nínú igbó. Mo kàn lè kú síbẹ̀ ni, kí wọ́n máa bi ara wọn pé ọmọ ta ni.

Sátidé tó bá parí oṣù ni mo máa ń pe ìyá mi. Màá lọ tò sórí ìlà ní ilé tẹlifóònù, ìyá mi náà á ti lọ jókòó dè mí ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Ṣábẹ̀ẹ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, a sì máa ń fi ìdajì rẹ̀ kígbe "Hẹ́lóò!"

"Ṣé ara ẹ le?" ó bi mí ní oṣù náà.

"Ara mi le, Ìyá."

"Eré ńkọ́?"

"Mò ń sá a. Ó ku oṣù kan."

"Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun."

"Ṣé o sì máa ń ṣẹ́ díẹ̀ kù?"

"Mo máa ń ṣẹ́ ẹ kù, Ìyá."

"O káre, ọmọ mi. O ò dójú tì mí."

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo di ògiri mú títí òòyì fi lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí eré àṣàyàn tó wáyé nígbà tí mo ṣubú síwájú ààrò. Iná ń jó gidigidi ní ìdájí ọjọ́ náà. Mo gbé agolo mẹ́fà lé orí pátákó, mo ń gbé e lọ fún Màmá, ojú mi ṣú. Orí mi ló kọjú sí ẹnu ààrò. Bí kì í bá ṣe pé Màmá ju pátákó ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, tó fa mí lẹ́sẹ̀, mi ò ní ojú tí màá fi ka ohun tí mò ń kọ yìí. Nígbà tí mo jí, irun iwájú orí mi ti jó, mo sì ń gbóòórùn rẹ̀. Màmá gbé orí mi lé itan.

"Màmá, ẹ̀mí ló gbé mi," mo ní. Irọ́ ti mọ́ mi lẹ́nu.

"Pa ẹnu ẹ dé!" Kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí mi rí. "Ẹ̀mí Mímọ́ wo ló ń ju ọmọ sínú iná? Dìde. Ògbómọ̀ṣọ́ là ń lọ."

Ó fi búrẹ́dì tó kù sílẹ̀ nínú ààrò, gbogbo rẹ̀ sì jóná. A wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó di ọwọ́ mi mú pinpin títí a fi débẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá jẹ́ àgbàlagbà. Ó fọwọ́ kan ojú mi, ó fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀, ó wò ó, ó mí kanlẹ̀.

"Kí lo jẹ lánàá?" ó ní.

Màmá yára dá a lóhùn. "Mo fún un ní ẹ̀kọ mẹ́ta àti àkàrà láàárọ̀. Lọ́sàn-án, mo gúnyán, mo fi ẹran méjì sí i. Lálẹ́, ẹ̀wà àti búrẹ́dì ni."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò béèrè ohun tí ẹ fún un. Mo ní, kí ló jẹ?"

Àwọn méjèèjì ń wò mí.

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́," Nọ́ọ̀sì ní. "Sọ̀rọ̀."

"Mo jẹ ẹ̀kọ kan," mo ní. "Mo jẹ òkèlè iyán mẹ́rin. Mi ò jẹ ẹ̀wà."

"Gbogbo rẹ̀ nìyẹn? O sì ń sáré? Ìgbà wo lo rí nǹkan oṣù ẹ kẹ́yìn?"

"Ó ti tó oṣù mẹ́fà, mà."

Màmá ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá ẹ?"

"Ẹ fara balẹ̀, Màmá. A máa yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n mi ò rò pé oyún ni. Ara tí kò rí oúnjẹ jẹ kì í rí ẹ̀jẹ̀ dà sílẹ̀."

Kì í ṣe oyún lóòótọ́. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ara mi kò tó. Wọ́n ya fọ́tò egungun mi, dókítà gbé e sójú fèrèsé, ó sì fi bírò tọ́ka sí ìlà kan lára ojúgun mi, tínrín bí irun orí.

"Egungun yìí ti sán," ó ní. "O kò fún ara ẹ lóúnjẹ, ó wá ń jẹ ọ́. Tí o bá tún sáré lé e, ó máa ṣẹ́ pátápátá. Oṣù mẹ́ta, o ò gbọdọ̀ sáré. Kí o sì jẹun."

Oṣù mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù sí eré mi. A jáde, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi, mo sì sunkún bí mi ò ṣe sun ún rí láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Mo sun ẹkún eré, mo sun ẹkún Ṣábẹ̀ẹ́, mo sun ẹkún obìnrin tó kúnlẹ̀ nínú eérú. Màmá kò rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó jókòó ṣinṣin, ó ń wo iwájú.

"Ta ló sọ fún ọ?" ó bi mí nígbà tó yá.

"Sọ kí ni fún mi, Màmá?"

"Ọ̀rọ̀ Dúpẹ́."

Mo ní mi ò mọ nǹkan kan nípa Dúpẹ́.

"Má purọ́ fún mi mọ́," ó ní. Kò pariwo. "Ibà ló pa á. Ọjọ́ mẹ́rin péré. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Òun nìkan ni mo bí. A ò tíì ṣe ogójì ọjọ́ tí wọ́n fi ní èmi ni mo jẹ ẹ́. Àwọn ará ilé ọkọ mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo kó kúrò lọ́dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ lé mi. Wọ́n ń ra búrẹ́dì mi láti lọ tà á o, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó jẹun nínú ìkòkò mi. Nígbà tí o wá, mo ní Ọlọ́run ti fún mi ní ẹni tí màá máa bu oúnjẹ fún. O wá ń ṣẹ́ ẹ kù. Lójoojúmọ́. Bí mo bá gbé àwo yẹn, mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé ó ti gbọ́. Ọmọ yìí ti gbọ́, ẹ̀rù mi ń bà á."

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan tí mo ti ń fi àwo oúnjẹ gún obìnrin náà lọ́bẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, tí mo sì rò pé ẹ̀kọ́ ilé ni. Mo sọ ìkìlọ̀ ìyá mi fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí a ṣe ń pín in sí mẹ́ta. Ó wò mí. Ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún, àfìgbà tí mo rí i pé méjèèjì ló ń ṣe pọ̀.

"Torí ọmọlúàbí lo ṣe fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́?" ó ní. "Kí wọ́n tún lè ní mo jẹ èkejì? Áà! Àṣejù, baba àṣetẹ́."

Ní Sọ́ńdè, mo lọ bá Wòlíì kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún un pé mi ò rí omi, mi ò rí ẹyẹlé, àìsàn ni. Ó ní kí akọ̀wé mú ìwé ìran wá, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà sórí ohun tí wọ́n kọ láti ẹnu mi.

"Mo fún ẹni tí ebi ń pa ní ààwẹ̀," ó ní. "Bá mi bẹ Ọlọ́run." Ó sì jókòó sórí àga rẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀.

Mo sọ òótọ́ fún Arábìnrin Kọ́ńfọ́ọ̀tì náà. Ó gbé igbá ata rẹ̀, ó lọ. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi kúrò ní Ọ̀yọ́, mi ò sì dá a lẹ́bi. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe nílẹ̀ àjò, èyí nìkan ni mi ò rí ọ̀nà tún ṣe.

Ọjọ́ eré àṣàyàn, mo jókòó sẹ́bàá pápá pẹ̀lú igi tí mo fi ń rìn. Ọmọbìnrin tó ṣe kẹta, mo máa ń fi í sẹ́yìn gan-an tẹ́lẹ̀. Kóòṣì wá jókòó tì mí, ó ní ọdún tó ń bọ̀ kò jìnnà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo padà sáré ní ọdún tó tẹ̀ lé e lóòótọ́. Kẹta ni mo ṣe, ìṣísẹ̀ kan ló yà mí sọ́tọ̀ sí ẹni tó ṣe kẹrin, mo sì di tíṣà. Títí di òní, bí ọyẹ́ bá dé, ojúgun yẹn á rán mi létí.

Ọjọ́ tí mo máa ń rántí jù ni Sátidé tó tẹ̀ lé eré àṣàyàn tí mi ò sá. Màmá bá mi lọ sí ilé tẹlifóònù. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ̀rù tó bà mí: ẹsẹ̀, dídákú, iná, àti pé mi ò tíì di tíṣà.

Mo rò pé wáyà ti já.

"Hẹ́lóò? Ìyá?"

"Mo ní kí o ṣẹ́ ẹ kù torí pé àlejò ni ẹ́," ó ní, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Mi ò mọ̀ pé o máa ṣe àlejò fún odindi ọdún. Ṣé obìnrin náà wà níbẹ̀? Fún un ní fóònù."

Mo fún Màmá. Mi ò gbọ́ ohun tí ìyá mi sọ. Ohun tí Màmá ń sọ kò ju, "Hẹn... Hẹn... Mo gbọ́... Ọmọ wa ni."

Nígbà tí a délé, ó ro àmàlà láfún, ó bu ilá lé e, ó gbé e síwájú mi. Kò jókòó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan, ó sì kẹ̀yìn sí mi kó má bàa dà bí ẹni tó ń ṣọ́ mi. Mo jẹ òkèlè àkọ́kọ́. Mo dé ìdá kan, mo dé ìdá méjì. Ọwọ́ mi dúró fúnra rẹ̀ níbi tó ti mọ́ ọn lára láti dúró. Mo wo ìdá kẹta nínú àwo. Mo jẹ ẹ́. Mo fi ìka lá ilá tó kù ní ìsàlẹ̀ àwo, àwo náà mọ́ tónítóní, ojú ń tì mí, omi sì ń bọ́ lójú mi.

"Màmá," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù sí i fún mi."

Ó wá gba àwo náà lọ́wọ́ mi. Ó wo inú rẹ̀, bó ṣe máa ń wò ó. Ó lọ sídìí ìkòkò, ó ṣí i, ó sì pẹ́ níbẹ̀, ó ń fi etí ìró nu ojú, kó tó bu oúnjẹ.